Akólòlò: Ṣé Àjogúnbá Ni, àbí Ìsínjẹ?

Ní Òkè-Aró, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, níbi tí mo dàgbà sí, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó sọ mí di akólòlò. Wọ́n ní mo sín télọ̀ kan tó ń kólòlò ládùúgbò wa jẹ. Ìyá mi ni wọ́n dá lẹ́bi, pé kò kìlọ̀ fún mi. Olùkọ́ kan ní tirẹ̀ gbà pé ìbẹ̀rù lásán ni, ó sì fẹ́ fi pàṣán lé e lọ. Pàṣán kò lé nǹkan kan lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Létí tèmi, «lòlò» inú rẹ̀ dà bí ìró ahọ́n tí kò lè kúrò lójú kan. Òwe wa pàápàá mọ̀ ọ́n: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n ní 1944, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Wendell Johnson, tí òun náà ń kólòlò, kọ ọ́ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ Bannock àti Shoshone kò ní ọ̀rọ̀ fún un rárá. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé etí òbí ni àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀: ahọ́n gbogbo ọmọdé a máa kọsẹ̀, àmọ́ èyí tí a bá sọ lórúkọ, ẹ̀rù á bà á, á sì di akólòlò lóòótọ́. Ní 1983 àwọn olùwádìí mìíràn fi hàn pé ọ̀rọ̀ fún un pọ̀ nínú èdè àwọn ènìyàn náà.

Ohun tó burú jù ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní 1939, lábẹ́ ìdarí Johnson, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Mary Tudor lo àwọn ọmọ òrukàn 22 ní Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, fún ìdánwò. Wọ́n sọ fún àwọn kan tí ọ̀rọ̀ wọn já gaara pé wọ́n ń kólòlò. Àwọn tó tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni di akólòlò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtila ẹnu. Yunifásítì Iowa tọrọ àforíjì ní 2001.

Ìbẹ̀rù, nígbà náà, a máa bu epo síná. Òun kọ́ ló dá a. Ta ló dá a? Ní 2010, Dennis Drayna àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ìyípadà nínú jíìnì mẹ́ta, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára àwọn ẹbí kan ní Pakístàn. Ní 2015 iṣẹ́ wọn dé ìtòsí wa: ẹbí ńlá kan ní Kamẹrúùnù, tí akólòlò pọ̀ nínú rẹ̀, ló tọ́ka wọn sí jíìnì AP4E1. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kó ẹrù kiri nínú ara rẹ̀ ni gbogbo jíìnì wọ̀nyí jẹ mọ́. Díẹ̀ péré nínú àwọn akólòlò ni wọ́n ṣàlàyé, mo gbà.

Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo ka ti Kamẹrúùnù yẹn, mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n ní sùúrù.

Wọ́n ní, «Bàbá bàbá rẹ tó kú kí a tó bí ọ ńkọ́? Ta ni àwọn sín jẹ?»