Pecorino: Èso Àjàrà Tí Agbo Àgùntàn Sọ Lórúkọ

Bí ẹ bá dárúkọ Pecorino fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ítálì, wàràkàṣì ni ọkàn wọn máa kọ́kọ́ lọ sí: wàràkàṣì líle, oníyọ̀, tí wọ́n ń fi wàrà àgùntàn ṣe, tí wọ́n sì ń rin sórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ẹkùn Marche àti Abruzzo, láàrin òkè ńlá àti òkun Adriatic, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe èso àjàrà funfun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá kí àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tó wá a lọ. Wáìnì rẹ̀ ti gbajúmọ̀ báyìí, inú mi sì ń dùn sí i gidigidi. Orúkọ náà ni mo fẹ́ tú wò, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa mọ ibi tí àjàrà yìí ti wá, àwọn tó mọyì rẹ̀, àti ohun tó mú kí wọ́n pa á tì.

Pecora ni àwọn ará Ítálì ń pe àgùntàn, àgàgà abo. Inú èdè Látìn ló ti wá. Pecus ni ẹran ọ̀sìn. Tí wọ́n bá pọ̀, wọ́n á di pecora. Nígbà tí Látìn ń yí padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, fáwẹ̀lì a tó parí pecora wá jọ ti ọ̀rọ̀ abo tó dúró fún ẹyọ kan. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti odindi agbo ṣe di orúkọ àgùntàn kan ṣoṣo. Láti ara pecus yìí náà ni pecunia ti jáde, èyí tí í ṣe owó. Varro, ọ̀mọ̀wé ará Róòmù tó kú ní ọdún 27 ṣáájú Kristi, ti ṣàlàyé rẹ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún pé ẹran ọ̀sìn ni ọrọ̀ àwọn darandaran. Ẹ fi pecunia sọ́kàn, torí a máa tó padà bá a.

Àfòmọ́ -ino tó parí Pecorino ní iṣẹ́ méjì. Ó lè sọ nǹkan di kékeré, ó sì lè túmọ̀ sí "ti", ohun tó jẹ mọ́ nǹkan mìíràn. Èkejì yìí ló bá Pecorino mu: ti àgùntàn. Ní ti wàràkàṣì, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ kí ló pa àgùntàn pọ̀ mọ́ àjàrà?

Àwọn kan ní ṣírí rẹ̀ jọ orí àgùntàn. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ lórí òkè ló tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà ooru, orí òkè Sibillini àti òkè Laga ni àwọn darandaran ti ń fi agbo jẹko. Bí òtútù bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á kó ẹran sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Transumanza ni wọ́n ń pe ìrìn yìí, àjọ UNESCO sì fi í sínú ìwé àwọn àṣà tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò ní ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà àjàrà ni ọ̀nà gbà kọjá. Pecorino máa ń tètè pọ́n, ṣúgà inú rẹ̀ sì máa ń pọ̀ nígbà tí ti àwọn yòókù ṣì ń kan. Àgùntàn tó ń kọjá lọ kò ní ya sí èyí tó kan. Èyí tó ti dùn ló máa na ọrùn sí. Darandaran tó ń wò ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé èso kan ti gbó. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní uva delle pecore nìyẹn, èso àjàrà àwọn àgùntàn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ojú ọ̀nà ẹran sì ni àwọn wọ̀nyí wò. Àwa náà ń pe ewé kan ní imí eṣú, a sì ń pe òmíràn ní àgógó igún. Ẹni tó ń rìn nínú igbó tó sì ń fojú sí ẹ̀dá ló ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Ní Ítálì pàápàá, ó ti pẹ́. Pliny kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn Kristi pé kòkòrò oyin, apis, ló fún àjàrà tí wọ́n ń pè ní apiana lórúkọ, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń bò ó.

Àgùntàn nìkan kọ́ ló sọ Pecorino lórúkọ o. Wọ́n tún ń pè é ní Arquitano, Vissanello àti Norcino. Ìlú ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Arquata, Visso àti Norcia. Tí ẹ bá wá wọn nínú àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ òkè Sibillini ni gbogbo wọn pagbo yí ká. Àjàrà òkè ni.

Owó ló wá lé e lóko. Ṣírí Pecorino kéré, èso ara rẹ̀ kéré, kì í sì í so púpọ̀. Ní Marche láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń dáko mezzadria, ìyẹn ni pé àgbẹ̀ àti onílẹ̀ ló jọ ń pín irè oko. Ọdún 1964 ni ìjọba tó fòfin dé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tuntun. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa pín ohun tí òun bá kó wálé, igi tó ń so yanturu ló máa wá. Trebbiano, èso àjàrà mìíràn, ń so yanturu. Mi ò dá àwọn àgbẹ̀ náà lẹ́bi, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé pecunia, ọmọ pecus, ni wọ́n torí rẹ̀ hú àjàrà àgùntàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Guido Cocci Grifoni, àgbẹ̀ àjàrà ní Ripatransone, gòkè lọ sí Arquata del Tronto, níbi tí igi Pecorino díẹ̀ ṣì wà nínú ọgbà àtijọ́ kan tó ga tó nǹkan bí 1,000 mítà sókè òkun. Ó gé ẹ̀ka rẹ̀ wálé, ó sì gbìn ín. Nígbà tó rọ wáìnì rẹ̀ sínú ìgò, ti ọdún 1990, Colle Vecchio, òkè àtijọ́, ló pè é. Luigi Cataldi Madonna, tó tún ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní yunifásítì, ni wọ́n mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó kọ Pecorino gàdàgbà sára ìgò, ní Ofena ní Abruzzo, lórí wáìnì ọdún 1996. Ìgboyà ńlá ni mo ka ìyẹn sí. Oníṣòwò mìíràn ì bá wá orúkọ aládùn kan tí kò ní rán ẹnikẹ́ni létí ẹran àti wàràkàṣì. Lọ́dún 2011, ìjọba Ítálì fi wáìnì Offida ní Marche, níbi tí Pecorino ti jẹ́ ọ̀kan pàtàkì, sí ipò tó ga jù lọ fún wáìnì, ìyẹn DOCG.

Ẹ da díẹ̀ sínú ife kí ẹ wò ó. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ. Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ ń bọ̀, lẹ́yìn náà òórùn ewé tútù. Tó bá dé ẹnu, kíkan rẹ̀ á ta ahọ́n jí, síbẹ̀ ó lágbára, kò rí jáálá bí ọ̀pọ̀ wáìnì funfun. Ó sì máa ń fi adùn oníyọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ ní ètè. Kí kíkan àti ṣúgà jọ pọ̀ nínú èso kan náà kì í wọ́pọ̀. Òtútù òkè ló kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ilẹ̀ mì ní Arquata. Pescara del Tronto, abúlé kan lábẹ́ rẹ̀, wó palẹ̀, nǹkan bí 300 ènìyàn ló sì kú ní gbogbo agbègbè náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, ó kan Visso. Ní ọjọ́ 30, ó kan Norcia, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá San Benedetto wó, àmọ́ ògiri iwájú rẹ̀ ṣì dúró. Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fún àjàrà yìí lórúkọ ni ilẹ̀ ti mì tìtì láàrin oṣù méjì ó lé díẹ̀. Ká ní kò sí ẹni tó gé ẹ̀ka wá sísàlẹ̀ ṣáájú, ta ni ì bá tún gun òkè lọ wá àjàrà nínú àlàpà?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta wáìnì yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ má tijú orúkọ rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló ń jẹ́ Pecorino, ẹ dárúkọ àgùntàn fún un, kí ẹ sì dárúkọ Arquata, Visso àti Norcia mọ́ ọn.