Ọkọ̀ Òkun Apapa: Mẹ́ta Ni, Kì í Ṣe Ẹyọ Kan

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ọkọ̀ òkun Apapa, àríyànjiyàn ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ìwé kan á ní ọdún 1917 ló rì, òmíràn á ní 1940. Bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà kan ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè lè búra pé òun wọ̀ ọ́ lọ sí Liverpool lẹ́yìn òmìnira. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ọkọ̀ mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ Elder Dempster fi orúkọ Àpápá wa pè, tí ọ̀kan bá lọ, òmíràn á dé.

Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀ jù. Harland & Wolff ló kàn án ní 1914, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 7,832. Ní òru 28 November 1917, ó ń ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bọ̀, Liverpool ti kù sí dẹ̀dẹ̀, nígbà tí U-96, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì, ta á ní tọ́pídò nítòsí Point Lynas ní Anglesey, ilẹ̀ Wales. Kò rì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ṣì ń sọ àwọn ọkọ̀ kéékèèké kalẹ̀ sójú omi kí èrò lè sá àsálà ni tọ́pídò kejì tún dé. Ènìyàn 77 ló bá a lọ.

Àwọn kan ní òun náà ni àwọn ará Jámánì mú lójú òkun tí wọ́n wà lọ sí Amẹ́ríkà. Rárá o. Appam nìyẹn, January 1916 ni Möwe, ọkọ̀ ogun Jámánì, mú un, pẹ̀lú gómìnà Sierra Leone, Sir Edward Merewether, nínú rẹ̀. Orúkọ ló jọra, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ọkọ̀ kejì ló yẹ ká fara balẹ̀ yẹ̀ wò. 1927 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì dísù ló ń lò, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 9,333. Wọ́n máa ń sọ pé tọ́pídò ló rì í, n kò sì gbà. Tọ́pídò ló pa àkọ́kọ́, òun náà ló pa Accra, ọkọ̀ tí wọ́n kàn pọ̀ mọ́ ìkejì yìí, ní 26 July 1940 láti ọwọ́ U-34. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ohun tó ba Apapa kejì láti òkè ló ti wá. Ó wà láàárín ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó gbéra ní Freetown nígbà tí bàálù Focke-Wulf Condor ti Jámánì ju bọ́ǹbù lù ú ní 15 November 1940. Àwọn ọkọ̀ tó wà nítòsí gba ọ̀pọ̀ èrò là. Ti 1917 kò jìnnà sí etíkun, ṣùgbọ́n ti 1940 yìí wà ní ìsàlẹ̀ ibú, ó lé ní 200 máìlì sí ìwọ̀-oòrùn Ireland.

Ìkẹta dé ní 1948 láti Barrow. Òun kò rì. Wọ́n tà á sí Hong Kong ní 1968, orúkọ rẹ̀ di Taipooshan, wọ́n sì tú u palẹ̀ ní 1975.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí Apapa lára tíkẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́tà bàbá yín àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọdún tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó sọ èyí tó wọ̀.