Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ: Ìtàn Iṣẹ́ Wa àti Ìsinmi Ọjọ́ Alẹ́

 

Lọ́dọọdún tí a bá ti ń ṣe ìwé àyájọ́, orúkọ àwọn alága àti iye tó wà lápò ni akọ̀wé máa ń kọ. Ìyẹn náà wà lójú ewé mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí ni èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ dárúkọ, ìyẹn ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ò ní lè dé ọjà mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tirẹ̀. Bó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí tó bá lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 sọ ti tíṣà di 65 ọdún, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Àwa ńkọ́? Ta ni yóò kọ lẹ́tà sí ìyá ẹlẹ́ja pé ó tó gẹ́ẹ́? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n wo ẹ̀yìn wò, ká lè mọ iṣẹ́ tí àwọn tó ṣáájú wa ṣe, àti ohun tí wọ́n fi sinmi.

IṢẸ́ ÀWỌN ÌYÁ WA

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Láyé àtijọ́, ọmọbìnrin á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkiri ẹ̀kọ tàbí ẹ̀pà fún ìyá rẹ̀. Bó bá dàgbà, á di alárobọ̀, á máa ra díẹ̀ tà díẹ̀ nínú ìlú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le á di alájàpá, á máa ná ọjà oko, á ra gàrí, epo àti èlùbọ́, á rù ú wá sílé. Àwọn mìíràn kò tajà níbẹ̀rẹ̀ rárá. Aláró ni wọ́n ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, àwọn kan jẹ́ amọ̀kòkò, àwọn kan ń hun aṣọ, àwọn kan jẹ́ onídìrí.

Bí agbára bá ti ń dín, iṣẹ́ náà á máa dín. Alájàpá á fi ọ̀nà oko sílẹ̀, á pàtẹ síwájú ilé. Tó bá yá, á jókòó ti òwú tó ń ran, á máa mójú tó ọmọ-ọmọ. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé òun fẹ̀yìn tì. Ẹrù ni wọ́n ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló gbé wọn ró? Àkọ́kọ́ ni ọmọ, torí bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èkejì ni agbo ilé àti ilẹ̀ tó wà lóko. Ẹ̀kẹta ni èésú. Àlùfáà Samuel Johnson mẹ́nu ba èésú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1921. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú pàápàá gbé e kọjá òkun. Títí dòní, àwọn ará Trinidad ṣì ń dá a, "súsú" ni wọ́n ń pè é.

Ìgbésí ayé ò sì lọ tààrà fún ẹnikẹ́ni, àní fún olówó. Ẹfúnróyè Tinúbú ta iyọ̀ àti tábà, ó ta ẹrú pẹ̀lú, ó sì lágbára ní Èkó débi pé ọba ń gbọ́ tirẹ̀. Lọ́dún 1856 wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó tún òwò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá lọ́dún 1864. Ìgbà tó kú lọ́dún 1887, ipò yẹn ló wà.

NÍGBÀ TÍ OWÓ OṢÙ DÉ

Lọ́dún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, wọ́n ti ṣí ti Ìbàdàn. Rélùwéè, ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn mú irú òṣìṣẹ́ tuntun wá, ẹni tó ń gba owó ní ìparí oṣù. Lẹ́yìn náà ni penṣọ́n dé. Òfin penṣọ́n àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1951, wọ́n sì ní kí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1946. Àwọn òyìnbó tó wá ṣàkóso wa gan-an ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Lọ́dún 1961 ìjọba dá àpò owó ìfẹ̀yìntì kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aládàáni. Òfin ọdún 1979 sì tún ti òṣìṣẹ́ ìjọba tò.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó ní ọ̀gá ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ nídìí àtẹ, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Owó orí ni kò gbàgbé wa. Lọ́dún 1940 ìjọba fẹ́ kí obìnrin Èkó tó bá ń rí ju £50 lọ́dún máa san owó orí. Alimọtu Pẹlẹwura, ẹlẹ́ja ní ọjà Ẹrẹ́kò, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó èèyàn jọ, wọ́n lọ fẹ̀hónú hàn. Ìyá yìí ò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà. Ìjọba sún iye náà sókè sí £200. Nígbà tó tún di 1945, tí àwọn òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ lódì torí pé owó oṣù ò ra oúnjẹ mọ́, tí Michael Imoudu ti rélùwéè wà lára àwọn aṣáájú wọn, àwọn obìnrin ọjà dúró tì wọ́n. Ìyanṣẹ́lódì náà lé ní oṣù kan. Ẹni tí kò rówó oṣù, ta ló máa bọ́ ọ tí kì í bá ṣe ọlọ́jà?

Pẹlẹwura kú lọ́dún 1951, ọdún tí òfin penṣọ́n yẹn jáde gan-an. Ó bá olówó oṣù jà, kò sì sí nínú ìwé wọn.

PENṢỌ́N ỌLỌ́JÀ

Torí náà ọlọ́jà dá penṣọ́n tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan kọ́lé, wọ́n ń gba owó ilé. Àwọn tó pọ̀ jù fi owó sára ọmọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ìyá tó ń ta ata pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í retí nọ́ọ̀sì àti lọ́yà látinú ilé rẹ̀. Humuani Alaga, oníṣòwò aṣọ ní Ìbàdàn, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun àtàwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ lọ́dún 1958, wọ́n sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin lọ́dún 1964. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fi owó ọjà tọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ilé àti ọjà lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìgbóho ló ti lo ọjọ́ ayé wọn nídìí òwò ní Gánà, ní Kumasi àti Tamale. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Lóṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ẹni tó ti tó sinmi wá padà sílé pẹ̀lú àpò kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọmọdé. Àwa náà ṣe é fún wọn lọ́dún 1983. Ibẹ̀ ni báàgì tí a ń kó ọjà sí ti gba orúkọ "Gáná-mọ́s-gò".

NÍGBÀ TÍ OLÓWÓ OṢÙ WÁ BÁ WA LỌ́JÀ

Ẹni tó ní penṣọ́n náà ò sùn dọ́kàn. Lọ́dún 1975 ìjọba ológun lé òṣìṣẹ́ tó ju 10,000 lọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní àìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí ètò SAP dé lọ́dún 1986, náírà já, ilé iṣẹ́ ń tì. Ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í rí tíṣà tó ń ta bébà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àti akọ̀wé ọ́fíìsì tó di onígẹẹrẹ. Àwọn kan tó ti fẹ̀yìn tì ń tò sórí ìlà láti gba owó tó tọ́ sí wọn, àwọn mìíràn sì kú kó tó dé ọwọ́ wọn. Àwọn wọ̀nyí náà ti di ọmọ ọjà báyìí. Àwọn kan nínú wọn wà nínú ẹgbẹ́ wa, a sì ń jàǹfààní ìmọ̀ ìwé wọn.

Ìyà yẹn ló bí òfin ọdún 2004. Láti ìgbà náà, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ló ń dá owó jọ sórúkọ òṣìṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2014, ọ̀gá ń san 10 nínú 100, òṣìṣẹ́ ń san 8. Ó wá di ọdún 2019 kí ìjọba tó rántí oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà. Ètò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn gba ẹni tí kò ní ọ̀gá láyè láti máa san iye tí agbára rẹ̀ bá gbé. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, nínú 100 tí èèyàn bá san, ó lè mú 40 bí àìní bá dé, 60 tó kù á dúró di ọjọ́ ìsinmi. Láti 1951 sí 2019, ẹ ṣírò rẹ̀. Ọdún 68 ni.

ÀJẸṢẸ́KÙ

Ṣùgbọ́n ilé tiwa ti wà kí ìjọba tó rántí. Lọ́dún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí òyìnbó kan, C. F. Strickland, ti wá ṣe ìwádìí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ dì í mú, kí àwọn tó ń ra kòkó má baà máa rẹ́ wọn jẹ. Lọ́dún 1953 àwọn ẹgbẹ́ náà dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Co-operative Bank, tó wà títí di ìgbà tó darapọ̀ mọ́ báńkì mìíràn lọ́dún 2006. Àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ló ní in. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé owó kékeré ọ̀pọ̀ èèyàn lè kọ́ ilé ńlá.

Èmi tí mo ń kọ ìwé ẹgbẹ́, mo mọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ gba owó. Owó ilé ìwé. Owó ilé. Ìsìnkú. Ìgbéyàwó. Ọjà tuntun. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n n kò tíì kọ "ìsinmi" síwájú orúkọ ẹnikẹ́ni rí. Àwọn ìyá wa kan ti dá owó fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ti gba ọwọ́ ọmọ lọ. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọ́n ṣì ń jí lọ sí ọjà láàárọ̀ kùtù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn ìyá wọ̀nyí ò sì jẹ ẹ́, ọmọ ni wọ́n fi tọ́. Ọmọ náà ń gbìyànjú, àmọ́ òun náà ń san owó ilé l'Ékòó, òun náà ń tọ́ ọmọ.

Torí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ Àpò Ọjọ́ Alẹ́ wá sí ìpàdé gbogbogbò. Ẹni tó bá fẹ́ á máa dá owó kan lọ́tọ̀, tí kò ní fọwọ́ kàn títí á fi pé ọmọ 60 ọdún, àyàfi àìsàn. Bí ẹnì kan bá ń dá ₦1,000 lọ́sẹ̀, ₦52,000 ni lọ́dún. Lógún ọdún, ó di ₦1,040,000.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè pé, ṣé owó yẹn á ṣì ra nǹkan nígbà náà? Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dún 1981, náírà 1 ju dọ́là 1 lọ. Ẹ wo ibi tó wà báyìí. Owó tó bá kàn sùn sí báńkì á máa yọ́ bíi yìnyín. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kí ẹgbẹ́ fi owó àpò náà ra ilẹ̀, kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó máa gba owó ṣọ́ọ̀bù, kí èrè rẹ̀ máa kan ẹni tó ti sinmi. Ẹni tó bá ní ọ̀nà tó dára ju èyí lọ, kó gbé e wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ ti ìjọba, kó fi kún un. Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kà á fún ìyá yín, ẹ kà á dé òpin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ìyá mi, èló ni tiyín?" Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìsọ̀, ìgbà tí eegun le ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà la gbà wọ ọjà, láti ìdí aró, láti ọ́fíìsì, láti Gánà, láti kíláàsì. Bí olúkúlùkù wa bá ń jáde, kó jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kó ní ìjókòó tó máa jókòó lé. Alẹ́ á sàn wá ju òwúrọ̀ lọ. Ẹgbẹ́ wa ò ní tú. Àmín.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín