Àpéjọ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìrànwọ́ Nígbà Àjálù

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009, òjò ńlá rọ̀ sí Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, níbi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ọmọ Yorùbá ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Òjò náà tó mìlímítà 263 láàárín nǹkan bí wákàtí méjìlá, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta òjò ọdún kan gbáko ní ìlú náà lọ. Omi ya wọ ilé ìwòsàn ńlá Yalgado Ouédraogo, a sì ní láti kó àwọn aláìsàn jáde. Ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ wó lulẹ̀. Àwọn tí àjálù náà kàn tó nǹkan bí 150,000 ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sá sí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Àkókò ìsinmi ni, yàrá ẹ̀kọ́ ṣófo, àyè sì wà. Ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni àwọn ọmọ ń wọlé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ náà. Ta ni yóò fi àyè sílẹ̀ fún èkejì, aláìnílé ni tàbí ọmọ ilé ìwé? Bí a ó ti ṣe gba ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú là láì pa ẹ̀kọ́ run, ìbéèrè àtijọ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn sì ti jíròrò rẹ̀ ní àpéjọ wọn ní Yúróòpù.

Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni Àgbáyé, tí a dá sílẹ̀ ní Vadstena ní ilẹ̀ Sweden ní 1895, ní akọ̀wé kan, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì, tí à ń pè ní Ruth Rouse. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1920 ó dé Vienna, ó sì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ogun ti sọ di aláìní, tí ebi àti òtútù ń bá fínra nídìí ìwé wọn. Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn aṣojú pé jọ ní Beatenberg, ní Switzerland, ní ọdún kan náà, wọ́n sọ ìrànwọ́ náà di iṣẹ́ ẹgbẹ́. Kí ẹ sì rántí pé àwọn tí ó ń dáwó yìí, orílẹ̀-èdè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn jagun tán ni! Síbẹ̀ wọ́n pinnu pé a kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀yà tàbí ìsìn rẹ̀ kí a tó fún un ní oúnjẹ. Nígbà tí ìyàn mú ní Rọ́ṣíà, wọ́n bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní Turnov, ní Czechoslovakia, ní 1922, àwọn ọ̀tá àná tún jókòó pọ̀. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ní ọdún wọ̀nyí ni pé kí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dá ilé ìdáná àti ibi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹgbẹ́ ìrànwọ́ náà ni ó wá di World University Service ní 1950.

Àwọn ará Áńtíókù ti dáwó fún Jùdíà ṣáájú wọn, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ní àpéjọ ọ̀dọ́ tiwa, a máa ń rò pé aṣọ ẹgbẹ́ a máa gba owó ju àpótí aláìní lọ.

Ní ti Ouagadougou, ìjọba fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ilé wọn wó ní ilẹ̀ ìkọ́lé ní Yagma, lẹ́yìn ìlú. Ibẹ̀ jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Nígbà náà, ohun tí wọ́n ṣe aláìní ti kúrò ní búrẹ́dì àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ti di omi mímu, iṣẹ́, àti ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.