Bí Kárọ́ọ̀tì Ṣe Di Aláwọ̀ Ọsàn

Kárọ́ọ̀tì aláwọ̀ ọsàn tó kún orí àtẹ lónìí, àbúrò ni nínú ìran rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìn ní agbègbè Afghanístàn òde òní, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, elése àlùkò ni, àwọn mìíràn sì pọ́n bí ìyeyè. Funfun ni èyí tó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó. Gbòǹgbò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì yi. Ṣíṣà ni àwọn àgbẹ̀ fi tún un ṣe: èyí tó bá sanra tó sì dùn ni wọ́n ń dá sí fún irúgbìn.

Àwọ̀ ọsàn gbòde ní Yúróòpù láàárín sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún sí ìkẹtàdínlógún, àwọn àgbẹ̀ Nẹ́dálándì ló sì mú un dúró. Wọ́n máa ń sọ pé nítorí àtiyẹ́ Orange, ìdílé ọba ilẹ̀ náà, sí ni. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà tó tì í lẹ́yìn.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Massimo Iorizzo, Philipp Simon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ka gbogbo jíìnì kárọ́ọ̀tì. Jíìnì náà lé ní 32,000. Ìwádìí mìíràn ní 2023, tó yẹ kárọ́ọ̀tì 630 wò, wá fi hàn pé jíìnì mẹ́ta ló wà nídìí àwọ̀ ọsàn. Kì í sì í ṣe pé wọ́n fi nǹkan kún un o. Ńṣe ni jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dákẹ́ iṣẹ́ kí beta-carotene, tí ara ènìyàn ń sọ di fítámì A, tó lè kún gbòǹgbò. Ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá ni ìdákẹ́ yìí ti gbọ́dọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe irúgbìn fi ń bẹ̀rù kárọ́ọ̀tì igbó: bí oyin bá gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ wá sóko, funfun ni ọmọ wọn máa ń yà sí.

Síbẹ̀, kárọ́ọ̀tì igbó yìí náà ló tún ṣe wọ́n lóore. Kárọ́ọ̀tì tí wọ́n bá ń fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ gbà láti ìran dé ìran á di aláìlera, òdòdó rẹ̀ sì kéré débi pé kò sẹ́ni tó lè máa fọwọ́ já akọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1947, àwọn olùṣèwádìí Welch àti Grimball kéde kárọ́ọ̀tì tí akọ rẹ̀ yàgàn, tó fi jẹ́ pé lẹ́búlẹ́bú òmíràn nìkan ló lè gbà. Ní 1953, ẹlòmíràn rí irú rẹ̀ mìíràn lára kárọ́ọ̀tì igbó ní Massachusetts. Láti ibẹ̀ ni ìran àdàlù tó ń dọ́gba lóko ti jáde.

Ní ilẹ̀ olóoru, Bùràsíìlì ló ṣe bẹbẹ. Ooru àti òjò máa ń fi àrùn jó ewé kárọ́ọ̀tì Yúróòpù. Ní 1981, Embrapa, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, gbé Brasília jáde, irú tó fara da ooru àti àrùn ewé. Ní Nàìjíríà, òkè ọya, ní agbègbè Jos àti Zaria, ni kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń jẹ ní Ìbàdàn àti Èkó ti ń wá jù. Ó yẹ kí àwọn ilé ìwádìí ilẹ̀ Yorùbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irú tiwọn.