Bí Ìlù Bá Yí Padà: Atukọ̀ Tó Bọ́ Sídìí Epo Lójú Agbami

Àwọn àgbà ní bí ìlù bá yí padà, ijó náà á yí padà. Òwe yìí rọrùn lẹ́nu wa débi pé a kì í sábà dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìjọba bá yí, a ó pa á. Bí ọjà bá dá, tí oníṣòwò bọ́ sídìí òwò mìíràn, a ó pa á. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí fà yọ nínú rẹ̀ ni pé ayé ń yí, kí ọmọ aráyé bá a yí. Ìtumọ̀ yẹn kò burú, àmọ́ kò tíì kan ìsàlẹ̀ òwe náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú agbo níbi tí òwe ti wá. Bí wọ́n bá gbé bàtá sílẹ̀ tí wọ́n gbé dùndún, oníjó kì í tìtorí rẹ̀ kúrò lágbo, kì í sì í pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó fi jó bàtá náà ni yóò fi jó dùndún. Bí ó ṣe ń gbé e ló yí. Nǹkan mìíràn tún wà nínú òwe náà tí a kì í kà sí: ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé oníjó yìí ti kọ́ ijó níbì kan. Ẹni tí kò jó rí kò ní ijó tí yóò yí padà. Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òní dúró lé nìyẹn.

Iṣẹ́ tí mo rí tí òwe yìí ṣẹ sí lára jù lọ ni iṣẹ́ atukọ̀ òkun, pàápàá àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n sì wá bọ́ sídìí epo rọ̀bì lójú agbami.

Kí a tó gba òmìnira, ọkọ̀ àwọn òyìnbó Liverpool ló ń kó kòkó, ẹ̀pà, èkùrọ́ àti igi gẹdú wa lọ, tó sì ń kó sìmẹ́ǹtì, aṣọ àti ẹ̀rọ bọ̀. Elder Dempster ló lókìkí jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa tó lọ kàwé nílùú ọba ló wọ Aureol, ọkọ̀ èrò wọn tó ń ná Apápá láti 1951 títí di 1974. Iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ọmọ Áfíríkà lórí ọkọ̀ wọ̀nyí: ká dáná, ká fọ ilẹ̀ ọkọ̀, ká bu epo sí ẹ́ńjìnì. Òyìnbó ló ń jẹ́ ọ̀gá.

Ní 1959 ni wọ́n dá Nigerian National Shipping Line, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tiwa, sílẹ̀. Ìjọba, Elder Dempster àti Palm Line ni wọ́n jọ ni ín níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1961, ìjọba gba gbogbo rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọkọ̀ náà ń mú orí ẹni wú: Oduduwa, King Jaja, Dan Fodio. Nígbà tí owó epo wọlé tán, wọ́n ra ọkọ̀ tuntun mọ́kàndínlógún láti Kòríà Gúúsù àti Yugoslavia, wọ́n sì fi orúkọ odò ilẹ̀ wa pè wọ́n. River Majidun wà níbẹ̀, River Ogbese wà níbẹ̀. Lórí àwọn ọkọ̀ yìí ni ọmọ Nàìjíríà ti di ọ̀gá ọkọ̀ àti ọ̀gá ẹ́ńjìnì, orí wọn náà sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ ojú omi. Ní 1977 a tún dá ilé ẹ̀kọ́ atukọ̀ sílẹ̀ ní Oron. Ṣùgbọ́n gbèsè ló ba ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà jẹ́. Àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ lówó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ ní èbúté òkèèrè, wọ́n ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó fi máa di 1995 ilé iṣẹ́ náà ti túká.

Ṣùgbọ́n ìlù mìíràn ti ń dún bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Oloibiri ni a ti kọ́kọ́ rí epo tó ṣeé tà, ní 1956. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n tún rí òmíràn lábẹ́ òkun, ní Okan, ní agbègbè Escravos, níbi tí omi kò ti jìn. Bonga, ibùdó epo kan lójú agbami, ló wá yí ìlù pátápátá. Ó tó kìlómítà 120 sí etíkun, omi ibẹ̀ jìn tó kìlómítà kan, epo sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2005. Erha tẹ̀ lé e ní 2006, Agbami ní 2008, Akpo ní 2009, Egina ní ìparí 2018. Kò sẹ́ni tó lè ri òpó irin mọ́lẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní FPSO ni wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀. Òun ló ń fa epo sókè, tó ń yọ omi àti gáàsì kúrò nínú rẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí ọkọ̀ mìíràn á fi wá gbé e. Ti Egina gùn tó mítà 330, inú rẹ̀ sì gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3. Ọkọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í lọ síbì kankan. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ló ń yí i ká: èyí ń gbé oúnjẹ àti páìpù wá, èyí ń fa ìdákọ̀ró, èyí ń gbé amòòkùn. Gbogbo wọn ló ń wá atukọ̀.

Kí ló wá yí nínú ijó náà? Atukọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ìrìn ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà fún bí ẹrù yóò ṣe kúrò níhìn-ín, tí yóò sì dé ọ̀hún láìbàjẹ́ láìpẹ́. Nídìí epo, ìdúró ni iṣẹ́. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ tí amòòkùn wà lábẹ́ rẹ̀, tí okùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá a so mọ́ ọkọ̀ náà. Bí ìgbì bá ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ń ṣeré. Kò sì ṣeé ṣe kí wọ́n kàn ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, nítorí ìsàlẹ̀ jìn, páìpù epo sì pọ̀ nílẹ̀ òkun náà.

Ní 1961 ni wọ́n rí ọgbọ́n dá sí i. CUSS 1, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tó lọ gbẹ́ ilẹ̀ òkun létí Mẹ́síkò, fi abẹ̀bẹ̀ irin mẹ́rin tí èèyàn ń fọwọ́ darí dúró lójú kan, lórí omi tó jìn ju mítà 3,500 lọ. Lọ́dún náà ni Eureka, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Shell, gbé ìdarí náà fún ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní DP lónìí nìyẹn. Sátẹ́láìtì ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, ẹ̀rọ kan ń wọn agbára afẹ́fẹ́, kọ̀ǹpútà ń ṣírò rẹ̀, àwọn abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi sì ń ti ọkọ̀ síwájú, sẹ́yìn, sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó má bàa yẹ̀. Wọ́n pín irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìpele. Èyí tó wà ní ìpele kẹta gbọ́dọ̀ lè dúró lójú kan bí iná tilẹ̀ jó yàrá kan tán nínú rẹ̀, tàbí bí omi bá kún un.

Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ yìí lè má rí nǹkan kan ṣe fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àfi kó máa wo ojú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ bí nǹkan bá yíwọ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló ní láti fi pinnu. Mo ka irú sùúrù yìí sí ohun tó le ju ìjà pẹ̀lú ìjì lọ, torí pé ìjì fúnra rẹ̀ ń jí èèyàn lójú oorun. Kódà ọ̀gá ọkọ̀ tó ti la Àtìláńtíìkì kọjá láìmọye ìgbà gbọ́dọ̀ lọ jókòó ní kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó sì lo àkókò lábẹ́ ọ̀gá mìíràn lójú omi, kó tó gba ìwé ẹ̀rí DP. Ẹni tí yóò kọ́ ọ sì lè jẹ́ ọmọ tí ó tó bí. Àwọn tó fi ara wọn sílẹ̀ fún un ni iṣẹ́ náà gbà.

Ẹ wo àmì kan tó fi ìyípadà yìí hàn. Òfin òkun sọ pé ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè yà fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tan iná mẹ́ta lóòró lóru: pupa, funfun, pupa. Ní gbogbo ìgbà tí atukọ̀ wa fi wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, iná tó máa ń rí lọ́ọ̀ọ́kán tó sì máa ń yà fún nìyẹn. Ní báyìí, òun ló ń tan án.

Àkókò iṣẹ́ náà yí. Lórí ọkọ̀ akẹ́rù, èèyàn lè lo oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án kó tó fojú kan ìyàwó àti ọmọ. Nídìí epo, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lójú omi, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé ló wọ́pọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé owó ló ń fa àwọn atukọ̀ lọ. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí bàbá wà nílé nígbà tí ọmọ ń ṣe ìdánwò kò ṣeé fi owó rà. Ohun tí wọ́n pàdánù ni ìlú òkèèrè. Ẹni tó ti mọ Hamburg àti Rotterdam bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè máa wo iná gáàsì kan ṣoṣo tó ń jó lójú ọ̀run fún ọdún márùn-ún.

Ìwé tí à ń buwọ́ lù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tún pọ̀ nídìí epo, ó sì nídìí. Ní ọjọ́ 6, oṣù keje 1988, iná jó Piper Alpha, ibùdó epo kan ní Òkun Àríwá, èèyàn 167 sì kú. Wọ́n ti yọ ohun ààbò kan kúrò lára pọ́ǹpù láti tún un ṣe. Àwọn tó gba iṣẹ́ alẹ́ kò mọ̀, wọ́n tan pọ́ǹpù náà. Ìwé tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò dé ọwọ́ wọn. Bí atukọ̀ àtijọ́ bá ń ráhùn pé ìwé ìyọ̀ǹda mẹ́ta ni wọ́n ní kóun buwọ́ lù kóun tó jó irin kan, kó rántí pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n fi kọ ìwé náà.

Ewu kò sì tán. Ní oṣù kẹrin 2007, ọkọ̀ Bourbon Dolphin dojú dé nítòsí erékùṣù Shetland níbi tó ti ń fa ìdákọ̀ró, èèyàn mẹ́jọ sì bá a lọ nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ afàkọ̀ Jascon-4 dojú dé lágbègbè Escravos, èèyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, alásè ọkọ̀ náà, nìkan ló yè. Ó wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú yàrá kan, ní nǹkan bí mítà ọgbọ̀n sísàlẹ̀ omi, nínú òkùnkùn, fún bí ọgọ́ta wákàtí, kí àwọn amòòkùn tó wá gbé òkú tó bá a níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló mọ apá yẹn nínú ìtàn rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ ká fi sọ́kàn ni pé nígbà tó yá, Okene lọ kọ́ iṣẹ́ amòòkùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo mọ̀, èmi kò rí ibi tí òwe wa ti ṣẹ tó èyí.

Wàyí o, mo ní òwe náà gbà pé oníjó ti kọ́ ijó níbì kan. Òfin àgbáyé tó ń darí iṣẹ́ atukọ̀ sọ pé ọ̀dọ́ tó fẹ́ di ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán oṣù méjìlá lójú omi gẹ́gẹ́ bí ara ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìdánwò kò lè rọ́pò oṣù méjìlá yẹn. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ òru, bí a ṣe ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀ láìpurọ́, bí a ṣe ń bẹ̀rù iná. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ tí atukọ̀ gbé dé ìdí epo. Ìdí epo fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ́ ọ. Nígbà tí a jẹ́ kí ọkọ̀ Oduduwa àti River Majidun lọ, ọkọ̀ nìkan kọ́ ló lọ. Agbo ìkọ́jó ló tú.

Àbájáde rẹ̀ hàn gbangba. Òfin kábọ́tájì ti 2003 ní kí ọkọ̀ tó ń ná etíkun wa jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, kí a kàn án níhìn-ín, kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín, kí ọmọ Nàìjíríà sì máa wà á. Òfin náà fún mínísítà láyè láti yọ̀ǹda fún àjèjì bí a kò bá rí ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n, àyè tóóró yẹn sì ti di títì márosẹ̀. Ìjọba, nípasẹ̀ NIMASA, àjọ tó ń bójú tó ètò ọkọ̀ ojú omi, rán àwọn ọ̀dọ́ lọ kàwé ní Íńdíà, Fílípíìnì, Íjíbítì àti Bìrìtéènì, ohun tó sì yẹ ká yìn ni. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gba ìwé ẹ̀rí tán láìrí ọkọ̀ tí wọn yóò ti lo oṣù méjìlá náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo bá wá ní òun kò rí ọmọ Nàìjíríà gbà, òótọ́ ló ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí nínú àwọn tó ń gbìyànjú láti yí òótọ́ náà padà.

Mo ń bẹ àwọn aláṣẹ NIMASA àti àwọn tó ń bójú tó ipa ọmọ Nàìjíríà nínú òwò epo: kí ọkọ̀ kankan má ṣe gba ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́ ní Bonga, Agbami tàbí Egina láìní ibùsùn méjì fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ náà ti wà níbẹ̀ ná, ẹ́ńjìnì wọn ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Oṣù méjìlá péré ni òfin béèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.