Ìsanwó Ìtọ́jú Látọwọ́ Aláìsàn ní Agbègbè Osi àti Iloffa

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ero ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí Osi àti Iloffa wà, àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni owó ìtọ́jú ti ń jáde láti ayébáyé. Ìgbà tí wọ́n ń san án ló ń yí padà.

Lọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, owó àkọ́kọ́ kì í pọ̀. Èyí tí wọn yóò fi wá èròjà oògùn ni. Tí ara bá yá tán ni ẹbí ń kó ohun ìdúpẹ́ wá: àkùkọ, epo pupa, iṣu.

Ní 1952, àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Egbe, ìlú Yàgbà tó múlé gbe agbègbè yìí, tó sì wà lábẹ́ Kwara títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991. Ní irú ilé ìwòsàn míṣọ̀n bẹ́ẹ̀, aláìsàn a san díẹ̀, ọrẹ láti òkè òkun a sì dí ìyókù.

Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ìtọ́jú di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá agbègbè yìí pààlà nígbà náà. Ẹgbẹ́ NPN ló darí Kwara fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àkókò náà, ètò náà kò sì dé ibẹ̀. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) dé ní 1986, owó ìjọba fún ìlera fà sẹ́yìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà fẹnu kò ní Bamako pé kí aláìsàn máa sanwó oògùn, kí wọ́n sì fi owó náà ra òmíràn.

Nílé ìwòsàn aládàáni, káàdì ni aláìsàn ń kọ́kọ́ rà. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í ka owó àyẹ̀wò ojú lásán sọ́tọ̀. Wọ́n ń pa á pọ̀ mọ́ owó oògùn. Bí ọ̀rọ̀ bá di iṣẹ́ abẹ, ẹbí gbọ́dọ̀ kó owó àsansílẹ̀ wá, wọn ìbáà kó èésú tàbí kí wọ́n ta iṣu inú abà.

Adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀, tí òfin rẹ̀ jáde ní 1999, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 2007, ilé iṣẹ́ adójútòfò Hygeia, àjọ PharmAccess ti Nẹ́dálándì àti ìjọba Kwara gbé irú rẹ̀ tó wà fún àgbẹ̀ kalẹ̀ ní Shonga, níhà àríwá ìpínlẹ̀. Ó dé ìlú Àfọ̀n ní 2009, ó sì dáwọ́ dúró ní 2016. Òfin 2022 sọ adójútòfò di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀, owó ọwọ́ ló ṣì ń kó apá tó pọ̀ jù nínú ìnáwó ìlera orílẹ̀-èdè náà. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó adójútòfò ti òṣìṣẹ́. Àgbẹ̀ kò ní owó oṣù, ìgbà ìkórè ni owó ń wọlé fún un, àìsàn kì í sì í dúró de ìkórè.